Orúnkún Àbúrò Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ní ìlú òyìnbó pé kí ló gbé mi dé ibẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún un: orúnkún àbúrò mi ni. Ìdáhùn yẹn máa ń mú kí àwọn ènìyàn dákẹ́, kí wọ́n sì wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yunifásítì wa lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àwòrán mi, pé ọkùnrin kan láti Èkó rí bí orúnkún àbúrò rẹ̀ ṣe bàjẹ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù, ó sì fi ayé rẹ̀ jìn fún iṣẹ́ tí kò ní í jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bà á jẹ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Mo pẹ́ kí n tó mọ ìwé. Ilé kéwú ni bàbá wa kọ́kọ́ fi mí sí, lẹ́yìn náà mo tẹ̀lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí kí n tó jókòó sí kíláàsì kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ mi gùn ju àga lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi di olùkọ́ eré ìdárayá. Lórí pápá, kò sí ẹni tó ń wo ọjọ́ orí rẹ.

Ràsákì ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jù ú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi àti Sìdíkátù, ìyàwó mi, la sì tọ́ ọ. Ọlọ́run kò fún wa ní ọmọ tiwa, Ìyá Ràsákì ni gbogbo agbo ilé ń pe Sìdíkátù. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá ni Ràsákì ń pè mí, ọmọ ló jẹ́ sí mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kejì.

Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, bó bá sì yí padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń sọ́ ọ yóò máa lọ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni kóòṣì àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ọdún méjì kí n tó kúrò nílé, a bá Olówógbowó gbá àṣekágbá ìdíje àdúgbò sí àdúgbò. Àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo Ràsákì. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n jókòó, ọkùnrin méjì tó wọ fìlà kan náà.

Kí àbọ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ọmọ Olówógbowó kan tí ń jẹ́ Kọ́lá gbá Ràsákì lẹ́sẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni Kọ́lá, ó ṣígbọnlẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Ràsákì ṣubú, ó di orúnkún rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ń wú.

Èmi náà ni mo ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Mi ò kọ́ ọ níbì kankan. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa nígbà tí à ń gbá bọ́ọ̀lù la ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ. Sìdíkátù gbé omi gbígbóná dé nínú ike, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo fi tẹ orúnkún náà. Mo fi ìpara tó ń ta wọ́ ọ, mo fa ẹsẹ̀ náà títí ó fi dún, mo wá fi ọ̀já dì í pinpin. Gbogbo ènìyàn yí wa ká. Wọ́n ń sọ pé ọwọ́ mi tutù, pé ara ọmọ náà yóò yá.

Ràsákì dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ó ń yẹ̀.”

“Kí ló ń yẹ̀?”

“Orúnkún náà. Bí mo bá dúró lé e, ó ń yẹ̀ lábẹ́ mi.”

Mo wo àwọn ọkùnrin onífìlà méjèèjì.

“Ara ríro lásán ni,” ni mo wí. “Wọlé.”

Ó wò mí díẹ̀. “Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá,” ló wí, ó sì wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó yí padà bó ṣe máa ń yí. Mo gbọ́ ìró náà létí pápá, bí igi gbígbẹ tí ẹnìkan fi orúnkún dá. Kọ́lá wà ní òdìkejì pápá nígbà náà, ó ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo èrò sáré lọ bá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá Kọ́lá mú un wá sí agbo ilé wa. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì ni obìnrin náà ń tà, ó jù mí lọ. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní kí wọ́n dìde. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé ọjọ́ tí Ràsákì bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì sáré ni kí wọ́n padà wá. Láti ọjọ́ náà làwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọmọ náà ní Kọ́lá Ṣẹ́sẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Orúkọ náà tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e dé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Mi ò ní í sọ̀rọ̀ nípa bí mo ṣe gba ìwé ìrìnnà, tàbí bí ọkọ̀ òfurufú ṣe rí. Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìlú tí mo lọ wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta tí èéfín ti sọ di dúdú ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn. Wọ́n gbà mí láti kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe eré ìdárayá, àti bí a ṣe lè dènà ìfarapa. Ìdajì àwọn tí a jọ jókòó lè jẹ́ ọmọ mi. Láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn eré ìdárayá, mo ń ti búrọ́ọ̀ṣì gígùn lọ, mo ń tì í bọ̀. Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn. Kò sí ẹni tí mo ní láti sọ Gẹ̀ẹ́sì fún.

Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Margaret. Ó ní kí gbogbo wa máa pe òun lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Fún ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè é ní “Mà,” tó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ká okùn nínú gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé kan wá gbá bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n. Kóòṣì wọn jẹ́ ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó pe ọ̀kan pé kó wọlé. Ọmọ náà kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Kò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì.

“Rárá,” ló wí. “Ọrùn ẹsẹ̀ mi kò tọ́ lónìí.”

Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Mò ń retí èébú, ó kéré tán. Bàbá náà ní, “Ó dáa,” ó kọ nǹkan sínú ìwé kan, ó sì pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló parí.

Nígbà tí mo délé, mo ń rò ó pé ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ sí Sìdíkátù, pé àwọn ọmọ ibí ń sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Mo rẹ́rìn-ín nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

Kíláàsì tó yí gbogbo rẹ̀ padà wáyé ní ọdún kejì. Margaret gbé orúnkún kan wá tí wọ́n fi ike ṣe, wọ́n sì fi okùn dúró fún àwọn iṣan tó so eegun itan mọ́ ti ojúgun. Ó fi hàn wá bí okùn kan láàárín ṣe ń di orúnkún mú nígbà tí ènìyàn bá yí padà lójijì. Ó fi ọ̀bẹ ké okùn náà dé ìdajì. Orúnkún náà ṣì dúró. Ó ní báyìí ni ọ̀pọ̀ ìgbá ẹsẹ̀ ṣe ń rí: ìfarapa kékeré ni, bí ẹni náà bá jókòó, tí wọ́n fi yìnyín sí i, tí wọn kò fi ohun gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tí wọn kò wọ́ ọ, tí wọn kò fà á, ó lè san, kó tún gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi gbó. Lẹ́yìn náà ó yí orúnkún ike náà, okùn sì já. Ohun tó wà láàárín eegun méjèèjì fò jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ẹnìkan sì bá a ṣà á.

“Ẹni tó fara pa yóò sọ fún yín,” ni Margaret wí. “Ìrora kọ́ ni yóò kà sí. Yóò sọ pé ó ń yẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tí ẹ sì ní kó padà wọlé, ẹ̀yin lẹ ṣe é, kì í ṣe ẹni tó gbá a.”

Àwọn tó kù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo di bírò mú. Mo jókòó síbẹ̀ títí kíláàsì mìíràn fi wọlé bá mi, tí ọmọkùnrin kan sì bi mí bóyá èmi ni olùkọ́ wọn.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń fóònù sílé. Agbo ilé wa kò ní tẹlifóònù. Ọ̀dọ̀ Alhaja kan ní ilé kejì ni wọ́n ti ń gbà á, àwọn ará ilé mi á sì lọ dúró dè mí níbẹ̀. Ràsákì ló máa ń kọ́kọ́ gba fóònù. Ó ti di ẹni tó ń tún aago ṣe, ó ń jókòó ti tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí ó fẹ́ iṣẹ́ tí kò ní í bá ẹsẹ̀ ṣe. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń mí gúlegúle kó tó kí mi. Mo rò pé ìdùnnú ni. Sìdíkátù ló wá sọ fún mi pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tẹlifóònù Alhaja wà, àti pé ńṣe ni Ràsákì ń fi ìdí wọ́ gun àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbọ́ ohùn mi.

Oṣù tí mo gbọ́ ẹ̀kọ́ Margaret, mo fóònù bí mo ṣe máa ń ṣe.

“Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ yín níbẹ̀?” ni Ràsákì bi mí.

“Orúnkún.”

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ la òkun kọjá lọ kọ́ orúnkún. Tèmi wà níbí, ẹ ò bá ti kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Mo ní kò burú. Ó ní òun rí Kọ́lá Ṣẹ́sẹ̀ ní Tinúbú, pé bó ṣe rí òun báyìí ló sọdá sí òdìkejì títì, pé ojú ń tì í. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní owó mi ti fẹ́ tán lórí fóònù. Kò tíì tán.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún Sìdíkátù. Mo ní kó gbọ́ ọ ní òun nìkan. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, omi gbígbóná, fífà, àti ohun tí Ràsákì sọ sí mi létí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Mo ní kó wá bí yóò ṣe sọ ọ́ fún un, nítorí obìnrin mọ bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀. Oṣù méjì kọjá kí ẹnìkan tó mú èsì rẹ̀ bọ̀. Ó kí mi, ó sọ iye tí gààrí di, ó sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. 

“Ohun tí ẹ sọ, mo gbọ́,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Èmi ni mo gbé omi gbígbóná ọjọ́ yẹn o. Èyí, n ò ní í bá yín gbé e. Ẹ sọ fún un fúnra yín.”

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án.

Mo wá gba iṣẹ́ ìdènà ìfarapa náà bí ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́. Mo lọ sí ilé-ìwé lóríṣiríṣi, mo wo àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń fò tí wọ́n sì ń balẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: èyí fi ẹsẹ̀ gbọọrọ balẹ̀, èyí jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ wọ inú. A ṣe ìdárayá kan tí wọ́n máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A kọ́ wọn kí wọ́n rọ orúnkún kí wọ́n tó balẹ̀, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ kan yí lójijì, kí wọ́n máa gbé ìgbésẹ̀ kéékèèkéé. Ohun tó rọrùn ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é. Ní ìparí sáà kìn-ín-ní, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n fún mi ní káàdì tí gbogbo wọn kọ orúkọ sí. Mo sunkún nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan fún mi ní pépà ìnujú, ó sì wo ojú fèrèsé kí ojú má baà tì mí.

Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ìgbà tí mo lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n fún mi ní yàrá tí orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ tuntun bá dé, mo máa ń fi ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, àwọn tó wà létí pápá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, àwọn tó wà létí pápá fà á, àwọn tó wà létí pápá ní kó padà wọlé. Àwọn ọmọ náà á mi orí. Ọ̀kan sọ lẹ́ẹ̀kan pé àìmọ̀kan burú. Mo ní ó burú.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹni tó bá wà ní òkèèrè kò ní ibì kan tó jẹ́ tirẹ̀. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ibi méjì gbà mí. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń pè mí lórúkọ bí ẹni pé a jọ dàgbà, nílé, mo jẹ́ Bọ̀ọ̀dá tó lọ kọ́ ìmọ̀ nítorí àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Níbi tó bá jẹ́ pé kìkì ohun tí o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni wọ́n mọ̀, àlejò ni ọ́, ìbáà jẹ́ yàrá tí wọ́n bí ọ sí.

Sìdíkátù kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe. Ràsákì ló fóònù mi lẹ́yìn ìsìnkú.

“Èmi ni mo wọ inú sàréè gbà á, Bọ̀ọ̀dá,” ló wí. “Wọ́n ní kí n má wọ̀ ọ́ nítorí ẹsẹ̀ mi. Mo ní ìyá mi ni. Àwọn mẹ́ta ló fà mí jáde.”

Mo ní Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún un.  Mi ò lè bá ìsìnkú, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo lè bá ọjọ́ kẹjọ, mo sì lè bá ogójì ọjọ́. Mo sọ fún wọn pé àsìkò ìdánwò ni. Àsìkò ìdánwò ni lóòótọ́. Margaret sì ti sọ fún mi pé òun yóò bá mi mójútó o.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó tẹ ilẹ̀ Èkó. Wọ́n pè mí láti wá bá àwọn olùkọ́ eré ìdárayá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Tinúbú. Irun Ràsákì ti ń hu ewú. Ó wọ agbádá, ó jókòó síwájú, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọọrọ nítorí kò lè ká a. Mo ti sọ ìtàn náà ní ilẹ̀ òyìnbó débi pé ẹnu mi ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ibẹ̀: àwọn tó wà létí pápá ní kó padà wọlé. Mo wo Ràsákì. Ó ń mi orí, ó ń wo àwọn tó jókòó tì í bóyá wọ́n ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ó gbàgbé ni àbí ó ń bò mí? Mi ò mọ̀. Mo gbé omi mu. Mo parí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́.

A jọ ń rìn lọ sílé, ìrìn tirẹ̀ ni mò ń rìn. Kí a tó kúrò ní àyíká àwọn ilé báǹkì, mo sọ ọ́ fún un. Mi ò ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Mo ní kì í ṣe ìgbá tí Kọ́lá gbá a ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́, èmi ni, nígbà tó sọ fún mi pé ó ń yẹ̀ tí mo ní kó wọlé.

Ó dúró. Ó gbára lé ògiri kan, ó nu ojú rẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Ọdún kejì tí mo débẹ̀.”

Ó fi ìka kà á. Ó tún un kà. “Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá,” ló wí. “Ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń gun àtẹ̀gùn Alhaja.”

Mo ní kó dárí jì mí.  Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò kọjú sí ọ̀nà ilé wa. Mo bi í níbo là ń lọ.

“Olówógbowó,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ṣọ́ọ̀bù Kọ́lá wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan. Ó ń fá pákó. Ó rí Ràsákì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn, tó ti lé ní ọdún méjìlá, àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí.

“Ẹ káàsán,” ni Ràsákì wí. “Bọ̀ọ̀dá mi ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ.”

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sọ nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àti ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀, àti èmi tó dúró. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí èérún pákó náà, àgbà tí mo jẹ́.

“Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi,” ni Kọ́lá wí. “Ẹ jù mí lọ.” Ó fi ẹnu fẹ́ eruku orí pákó náà, ó fi ọwọ́ pa á. “Ìyá mi ti kú. Ọdún kẹta rèé. Títí tó fi kú ló ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Ta ló máa wá sọ fún un?”

 Ràsákì ló sọ̀rọ̀, bóyá nítorí àánú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ orúnkún, pé gbogbo ayé ń kà á.

“Èdè wo lẹ fi kọ ọ́?” ni Kọ́lá bi mí.

“Gẹ̀ẹ́sì.”

“Orúkọ yín wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Àwọn tó ń pè mí ní Ṣẹ́sẹ̀ kò ka Gẹ̀ẹ́sì yín. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi ń pè mí.” Lẹ́yìn náà ó fa àga kan wá, tí kò tíì kùn, kò gbé e sí ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé e sí ẹ̀yìn Ràsákì. Ràsákì jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù dé, mo fóònù sí ilé Alhaja. Alhaja fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó ní Ràsákì wà nísàlẹ̀, pé ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun kò ní í gun òkè mọ́, pé orúnkún òun kò tọ́. Alhaja ń bẹ̀ mí kí n má bínú, pé ọmọ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní kó bá mi sọ fún un pé ó ṣeun.

Mo ti wá kọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ẹni tó bá mọ Olówógbowó bá mi kà á síta níbẹ̀. Kọ́lá káfíńtà, ọmọ ìyá olówùú, kò ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi sọ fún mi pé ó ń yẹ̀. Èmi ni mo ní kó wọlé.